Omi tó ń gba ojú afẹ́fẹ́ òrùlé wọ sítọ́ọ̀: dídí i pa kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ fún oníṣòwò Ìkẹ́nnẹ́

Ìjì àkọ́kọ́ ọdún kì í fún oníṣòwò láyè kó palẹ̀ mọ́. Lọ́wọ́ ìparí oṣù kejì tàbí nínú oṣù kẹta, lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti gbẹ igi òrùlé títí tí ìṣó fi ń mì nínú ihò rẹ̀, ojú ọ̀run á ṣàdédé ṣú ní ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ̀fúùfù á gbé eruku dìde lójú títì, kí wọ́n sì tó kó àtẹ wọlé tán, òjò ti dé. Omi tó ń bọ̀ láti òkè ni gbogbo ènìyàn ń wò, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ oníṣòwò lára ni èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, láti ojú ihò tí bíríkìlà fi sílẹ̀ lókè ògiri lábẹ́ etí òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè máa ráyè kọjá.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ àti àwọn ìlú tó múlé tì í, bí Ìpẹru, Ìlíṣàn àti Ògèrè, ó ṣòro láti rí ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní irú ojú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fi búlọ́ọ̀kù olójú kọ́ ọ, àwọn mìíràn fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é bíi lúfà, àwọn mìíràn sì kàn fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ògiri àti páánù. Bí òjò bá ti ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì ba àpò ọjà mẹ́ta jẹ́, ohun tó sáré wá sọ́kàn olówò ni pé kó ké sí bíríkìlà kó fi sìmẹ́ńtì dí i pa. Ẹni tí kò lówó bíríkìlà lọ́wọ́ á fi ọ̀rá àti àkísà dí i.

Òjò kò ní wọlé mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òórùn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú sítọ́ọ̀ náà ní àárọ̀. Àpò tó wà lókè pátápátá á tutù lójú. Àgbàdo á bu, obì á rà láti inú apẹ̀rẹ̀, páánù á sì máa kán omi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá. Olówò á tún sọ pé òrùlé ló ń jò, á pe kápẹ́ńtà pé kó wá fi kóòtà kun ojú ìṣó, owó á sì tún jáde lápò. Omi náà kò wá láti òde mọ́, inú ilé ló wà.

Kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹnikẹ́ni kò rí

Ká mú àgbàdo gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé àgbàdo kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Ìkẹ́nnẹ́. Àjọ IITA pàápàá ní ibùdó ìwádìí sí ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń dán irúgbìn àgbàdo wò. Àgbàdo àkọ́rọ̀ máa ń gbó nígbà tí òjò ṣì wà nílẹ̀, oòrùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú tó láti sá a gbẹ. Ká ní oníṣòwò kan ra àpò mẹ́wàá, tí àpò kọ̀ọ̀kan wọn ọgọ́rùn-ún kílò, tí omi inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi lítà 150 ló gbé wọ sítọ́ọ̀ yẹn láì mọ̀. Kí àgbàdo náà tó gbẹ dé ìdá 13, tó jẹ́ ibi tó ti lè pẹ́ nílẹ̀ láì bu, omi tó tó lítà 23 gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan. Ẹni tó bá kó àpò 50 pamọ́, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ààbọ̀ ni ọjà rẹ̀ máa tú sínú afẹ́fẹ́ yàrá náà.

Ibo ni omi yẹn máa gbà jáde? Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gòkè, ó sì máa ń gbé omi dání bó ṣe ń lọ. Ọ̀sán ni páánù ń gbóná bí ààrò, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ á sì kún fún ooru àti omi. Bí ojú afẹ́fẹ́ bá wà lókè, omi á bá afẹ́fẹ́ náà jáde, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó kọjá. Bí wọ́n bá ti dí i, ibẹ̀ náà ni yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní òru, páánù tó gbóná lọ́sàn-án á tutù ju ohun gbogbo tó wà nínú yàrá lọ. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó 30 ní ìwọ̀n Celsius lè gbé omi gíráàmù 30 nínú mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bó bá tutù dé 22, kò lè gbé ju bíi 19 lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù á di ìrì sí abẹ́ páánù. Nínú sítọ́ọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tó fẹ̀ ní 20, tó sì ga ní 10, bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ti kún fún omi látòkè délẹ̀, ó lè tó lítà kan ààbọ̀ sí méjì ní òru kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí olówò tó náwó sórí òrùlé, kó kọ́kọ́ mọ irú omi tó ń bá jà. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni páánù ń kán, lẹ́yìn òru tí òjò kò rọ̀, omi inú ilé ni, kóòtà kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ìjì ń jà ni, tó sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ògiri ló ń tutù, ojú afẹ́fẹ́ tàbí àlékún páánù ni omi ń gbà. Ẹfun tí wọ́n fi sàmì sí ibi tó tutù, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, á sọ òtítọ́ láàárín oṣù kan.

Àwọn àgbà kò ní irú wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n fi koríko tàbí ewé gbòdògì bò ń mí fúnra rẹ̀. Òkè ààrò ni wọ́n ń so àgbàdo rọ̀ sí, èéfín á gbẹ ẹ́, á lé kòkòrò, á sì gba inú ewé jáde. Nígbà tí páánù dé, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ iná àti lọ́wọ́ ìbora ọdọọdún, ṣùgbọ́n páánù kì í mí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá fi ń dá ọnà sára pákó lábẹ́ etí òrùlé. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹwà lásán ni, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń gba ojú ọnà náà wọ inú àjà.

Ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń wá

Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ láàárín ọdún kan, bí kò bá ṣàn lọ tí ilẹ̀ kò sì fà á mu, yóò jìn ju mítà kan lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wá láti ọ̀nà kan náà. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, àti ti ìparí òjò ní oṣù kẹwàá, ìlà-oòrùn ni wọ́n sábà ń gbà wọlé, wọ́n á sì máa sáré lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Òjò oṣù kẹfà àti keje, tó máa ń pẹ́ lójú ọ̀run, ẹ̀fúùfù tó ń bọ̀ láti òkun ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ń gbé e, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ìjì. Bí ojú afẹ́fẹ́ ńlá kan bá wà tó kọjú sí ìlà-oòrùn gan-an, tí kò sì sí ilé tàbí igi tó bò ó, ibẹ̀ ni iṣẹ́ àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ sítọ́ọ̀ á jàǹfààní bó bá kọ àwọn ojú náà sí àríwá àti gúúsù.

Báwo ni òjò ṣe ń dé abẹ́ etí òrùlé? Ẹ̀kán òjò tó tóbi díẹ̀ máa ń já bọ́ ní bíi mítà méje láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìjì bá ń sáré ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òjò á rìn síwájú lẹ́ẹ̀mejì ohun tó já bọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún kápẹ́ńtà ni pé etí òrùlé tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló lè bò lára ògiri. Ojú afẹ́fẹ́ tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn kò ní wàhálà púpọ̀. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìta gbangba ló wà. Àṣà ìkọ́lé tó gbòde lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí wọ́n ń gbé ògiri ga bo òrùlé kó lè dà bíi ti Lẹ́kí, kò ní etí kankan tó yọ síta. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ tí wọ́n bá kọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìborí lórí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìborí náà kò le ṣe. Páánù pẹrẹsẹ tí wọ́n tẹ̀ bí àfòjú fìlà, tó yọ síwájú ihò náà, tó sì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ti tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kápẹ́ńtà ń gbàgbé ni ìsàlẹ̀ ihò. Ìjì tó ń sáré ní bíi kìlómítà 70 ní wákàtí kan lè ti omi gòkè ní nǹkan bí ínṣì kan. Bí ìsàlẹ̀ ihò bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi tó ti bọ́ sílẹ̀ á tún rákò wọlé. Kí wọ́n ká etí páánù sókè ní ínṣì méjì lẹ́yìn ihò, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ síta, omi náà á padà síbi tó ti wá. Bó bá jẹ́ lúfà onípákó ni, kí pákó kọ̀ọ̀kan dorí kọ ilẹ̀ níta, kí ìkan sì bo ìkejì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dúró níta, tí ojú rẹ̀ bá ihò náà dọ́gba, kò ní lè rí inú. Bó bá rí inú, òjò náà á rí i.

Nẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì nítorí eku, àdán àti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì tó wẹ́ bíi ti ẹ̀fọn ń gba àyè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, eruku ọyẹ́ sì lè dí i pátápátá kó tó di oṣù kejì. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ fẹ ihò náà lójú sí i, kó sì máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún kí àkọ́rọ̀ tó dé. Lára òrùlé fúnra rẹ̀, orí ibi tó ga lára páánù ni ìṣó gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀, kí àlékún páánù lókè àti nísàlẹ̀ sì tó ínṣì mẹ́fà ó kéré tán.

Báwo ni ojú afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Lókè òkun ni ìdáhùn tó rọrùn jù ti wá, nítorí pé ìṣòro yìí kan náà ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀, àmọ́ òjò dídì ló ń gbé e wá bá tiwọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ra ilé ní Chicago tàbí Toronto mọ̀ pé nígbà òtútù, òjò dídì tó gbẹ, tó lẹ́bú bí èlùbọ́, lè bá ẹ̀fúùfù gba ojú afẹ́fẹ́ wọ inú àjà, kó jókòó síbẹ̀ láì ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí oòrùn bá yọ ló máa yọ́, tí á sì kán sórí àga ìjókòó. Àwọn tó ti dí ojú náà pa níbẹ̀ kábàámọ̀, torí ooru oúnjẹ àti ti balùwẹ̀ gòkè, ó sì dì mọ́ ẹnu ìṣó nínú àjà. Nítorí náà ni òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń lò ní ibi púpọ̀ l'Amẹ́ríkà ṣe sọ pé kí àpapọ̀ ojú afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 150 ilẹ̀ àjà náà, tó lè dín sí ìdá kan nínú 300 bí wọ́n bá pín in dáadáa láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Fún sítọ́ọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú 150 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin mẹ́rin: méjì nísàlẹ̀ etí òrùlé fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, méjì ní góńgó òrùlé tàbí lókè ògiri ìpẹ̀kun fún èyí tó ń jáde. Sítọ́ọ̀ tí àgbàdo tútù ń wọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní èyí tó kéré sí i.

Gbogbo ọjà kọ́ ló ń fẹ́ ohun kan náà

Ọ̀rọ̀ obì yàtọ̀. Rẹ́mọ jẹ́ ilẹ̀ obì gbànja, àwọn oníṣòwò Sàbó ní Ṣágámù sì ti ń kó o lọ sí òkè Ọya láti ọjọ́ pípẹ́. Ìparí ọdún ni obì máa ń pọ̀ jù, ẹni tó bá sì lè tọ́jú rẹ̀ títí obì fi wọ́n lọ́jà ló ń jèrè. Obì kì í ṣe àgbàdo tó gbọ́dọ̀ gbẹ. Bó bá gbẹ jù, á rọ, ìwọ̀n rẹ̀ á sì dín. Bí omi bá kán sí i, á rà, èyí tó rà á sì ran ìyókù inú apẹ̀rẹ̀. Ewé tí wọ́n fi tẹ́ apẹ̀rẹ̀ ló ń pa ọ̀rinrin tó yẹ mọ́ ọn lára. Afẹ́fẹ́ yàrá ní láti máa yí po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láì fẹ́ lu apẹ̀rẹ̀ tààrà. Ìyá olóbì tó bá to apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí abẹ́ ojú afẹ́fẹ́ gan-an máa pàdánù lọ́nà méjì: ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjì á rẹ ẹ́ nígbà àkọ́rọ̀.

Oníkòkó ní tirẹ̀ mọ̀ pé ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi inú kòkó gbígbẹ gbọ́dọ̀ mọ, bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ó ń bu. Òwò irè oko kì í dárí ji aláìbìkítà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, ra irè oko tà, ó sì fi ọkọ̀ ṣòwò kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan nínú òwò náà.

Ti àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ló lè gbẹ̀mí. Àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu lè ní májèlé aflatoxin, tí wọn kò lè fi ojú rí, tí sísè kò sì lè pa. Ní 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí tòlótòló tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀pà lílọ̀ tó ti bàjẹ́. Ní Kenya ní 2004, ènìyàn 125 ló kú nítorí àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ nígbà tó ṣì tutù. Alágbàdo tó bá ń sá èyí tó bu lóòrùn, tó sì ń pò ó mọ́ èyí tó dára, kò tíì yọ májèlé náà kúrò.

Alásìmẹ́ńtì nìkan ni ìmọ̀ràn yìí kò bá mu. Láti 1978 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù, òwò àpò sìmẹ́ńtì ti gbilẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Sìmẹ́ńtì kò ní omi tó fẹ́ tú jáde, ńṣe ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu títí á fi dì gbagidi. Yàrá tó sé pinpin, pákó tó gbé àpò kúrò nílẹ̀, àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín rẹ̀ àti ògiri, àti tápólì lórí rẹ̀ ló fẹ́. Nítorí náà, kò bójú mu kí ẹnì kan kó sìmẹ́ńtì àti àgbàdo sínú yàrá kan náà. Ohun tó ń gba ọ̀kan là ló ń pa èkejì.

Ewu kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fojú fò. Àwọn ilé àtijọ́ kan ṣì ní páánù tàbí sílíǹgì asbestos. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ayùn gé e tàbí lu ihò sí i lára nítorí ojú afẹ́fẹ́. Ara ògiri ni kí wọ́n ti wá àyè. Bákan náà, ibi yòówù kí ojú afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú sítọ́ọ̀.

Ta ló máa sanwó? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ló ń háyà yàrá tí wọ́n ń lò. Onílé á ní ọjà kọ́ ni òun kọ́ ilé fún, ayálégbé á ní òun kò lè tún ilé onílé ṣe. Kí wọ́n tó san owó ọdún tuntun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé àdéhùn: ẹni tó máa ṣe ìborí, àti bóyá wọ́n á yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó ilé. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́kàn lé adójútòfò láì ka ìwé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í san owó lórí ọjà tí ọ̀rinrin bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Oṣù kìíní sí oṣù kejì ló dára jù láti ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí kápẹ́ńtà ṣì ráyè. Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, gbogbo ìlú ló máa ń wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tó gba owó rẹ̀ tán, kí ẹnì kan dúró níta pẹ̀lú garawa omi, kó máa da á lu ojú afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹlòmíràn wà nínú sítọ́ọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí omi bá ti yọ, kí wọ́n fi ẹfun sàmì sí i, kí kápẹ́ńtà padà gun àkàsọ̀.